Àpò Búlúù

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbé àpò yìí kiri,
Invercargill sí Winton, Winton sí Tuatapere,
ojú ọ̀nà tí yìnyín ti sọ di dígí,
àgùntàn lápá ọ̀tún, àgùntàn lápá òsì,
èmi àti rédíò tí ń họ ara.
Ẹrù inú rẹ̀ ò wúwo:
búlọ́ọ̀kù mẹ́sàn-án, pupa pẹ̀lú funfun,
pẹ́ńsù méjì,
àti aago kan tí mo ń fi pamọ́ sórí itan,
torí ọmọ tó bá ti rí aago
kì í rí ìbéèrè mọ́.

Ẹnu ọ̀nà ni àwọn òbí ti máa ń bi mí,
n ò tíì bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ lẹ́sẹ̀:
"Ṣé olóye ni lóòótọ́?"
bí ẹni ń bi dókítà bóyá egungun ti kán.
Mo máa ń ní kí wọ́n gbé omi tíì kaná.

Wọ́n ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú,
kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú.
Mo ti rí àṣàmú tí kò la ẹnu rárá.
Fergus Lockerbie, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní Winton:
tíṣà rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀lẹ ni,
torí ó kọ̀, kò ṣírò méjì àti méjì.
Ìyá rẹ̀ mú mi lọ sẹ́yìn ilé.
Ọmọ náà ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára òpó ọgbà bàbá rẹ̀,
irínwó òpó lé mọ́kànlá,
ọdún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹrà, tí yóò wó.
"Méjì àti méjì," ó wí, kò wojú mi,
"ṣé kò tíì yé wọn ni?"

Ẹ má rò pé n ò ṣìṣe rí.
Mo kọ ojú ewé méjìlá nípa Ewan Strang,
mo ní kí wọ́n gbé e fo kíláàsì méjì.
Wọ́n gbọ́ tèmi. Ìṣirò rẹ̀ ń ṣàn bí odò.
Ọdún kan gbáko ló fi dá jẹ oúnjẹ ọ̀sán láàárín àwọn ìwé,
bàtà rẹ̀ kò kan koríko pápá.
Ìyá rẹ̀ pè mí lóru ọjọ́ kan, kò bínú,
ìbá sàn kó bínú:
"Ó mọ̀wé, màámù. Ta ni kó máa bá ṣeré?"
Láti ọjọ́ náà, ìlà kìíní nínú ìwé mi
ni orúkọ ọ̀rẹ́ ọmọ.
Bí àyè náà bá ṣófo, n ò ní tíì ṣí àpò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Bluff,
nínú ilé kan tí afẹ́fẹ́ òkun ń mì bí eyín àgbà,
Hinewai Paraone to búlọ́ọ̀kù náà tán
kí n tó rántí tẹ aago.
Ó gbá wọn jọ, ó dá wọn padà sínú àpò,
ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló dán yín wò?"
Ìyá àgbà rẹ̀ ń ha ìpẹ́ ẹja. Ọ̀bẹ rẹ̀ dúró.

Kò sẹ́ni tó gbé àpò wá sílé tiwa.
Desmond ẹ̀gbọ́n mi, tó lè sọ ọjọ́ tí a bí ẹnikẹ́ni
bó bá ti gbọ́ ọdún, oṣù àti déètì,
ọdún mọ́kànlélógún ló fi gé ẹran nílé-iṣẹ́ ẹran.
Ó ń ka egungun ìhà bí wọ́n ṣe ń kọjá lórí ìkọ́,
ó ń pín wọn ní ìdì-ìdì tí ẹnikẹ́ni ò béèrè.
Lọ́jọ́ tí a sin ín, ọ̀gá rẹ̀ ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni.
Gbólóhùn kan péré.

N ò sọ ìyẹn fún Hinewai.
Mo ní, "Kò sẹ́ni kankan. Jọ̀ọ́, dán mi wò."
Ó da búlọ́ọ̀kù sílẹ̀,
ó gba aago lọ́wọ́ mi, ó jókòó lé e,
ó ní kí n má kánjú.