Ojú-Ìwé Kẹtàdínlógún

Ní Ṣómólú, ládùúgbò tí yíǹkì kì í gbẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni,
a kì í ka ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀.
Bébà ńlá ní í jáde lábẹ́ ẹ̀rọ:
ojú-ìwé kìíní fẹ̀gbẹ́ ti ìkẹrìndínlógún,
ìkẹjọ dorí kodò bí àdán.
Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ ká bébà.

Báyìí la ṣe bá ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣígbìn pàdé,
èyí tó kọ nípa ìbò àti àwa mẹ̀kúnnù.
Múfútáù ń gé, Ìyá Àdùnọlá ń ká, èmi ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.
Jẹnẹrétọ̀ ń ké mọ́ wa létí,
torí náà igbe la fi ń sọ̀rọ̀.

Ojú-ìwé kẹtàdínlógún ló dáṣẹ́ dúró.
Ó ní: “Tálákà kì í bi ìjọba léèrè ọ̀rọ̀.
Ebi ò jẹ́ kó ráyè jiyàn.
Ẹni tó bá gbé ìrẹsì wá ló ń tẹ̀ka fún.”

Ìyá Àdùnọlá nu ọwọ́ sí ìró.
“Ta ló sọ fún un?
Mo gba ìrẹsì, mo sè é, ó dùn,
mo sì tẹ̀ka fún ẹlòmíràn.
Ọdún mẹ́ta ni mo fi bi káńsù léèrè owó gọ́tà wa,
lẹ́tà mẹ́rin ló wà nílé, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí gbogbo rẹ̀.
Kó wá kà wọ́n, ṣebí ó mọ̀wé.”

Múfútáù ní kò parọ́ o,
òun ta ìbò tòun ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún,
ojú ò sì ti òun:
ta ló san owó iléèwé ọmọ òun lọ́dún yẹn?
Ọkùnrin tó wá tẹ káàdì ìgbéyàwó bá bú u.
Ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá gbé igbá rẹ̀ sọ̀, ó ní:
“Ṣé ẹni tó ta ìbò lè padà lọ gba ṣẹ́ńjì?”
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n dé láti Àkọkà.
Ìyá Àdùnọlá kúnlẹ̀ kí i, ó dìde,
ó na ìwé sí i.
“Ọ̀gá wa, ta lẹ bi léèrè?”
Ó ní òun ṣèwádìí. Ó ní àtẹ wà lẹ́yìn ìwé.
Ó yọ jígí ojú, ó nù ún, kò tíì fi padà
tó fi ní ká bá òun wá àga.

Iná ìjọba dé. Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀.
Igbe la ṣì fi ń sọ̀rọ̀.

Ìwé ti tẹ̀ tán, a ò lè yí i padà.
Àmọ́ bí ẹ bá rà á, ẹ wo etí ojú-ìwé náà:
ẹ óò rí àmì àtàǹpàkò kan, dúdú, ó fẹ̀ díẹ̀.
Ẹ má dá a padà fún ẹni tó tà á.
Kì í ṣe ìdọ̀tí.
Ẹnìkan ló tẹ̀ka níbẹ̀.