Iná Tó Ń Tòògbé

Bọ̀dá Tìámíyù ní kí n ṣe iná fún ọkọ̀ òun,
iná tó ń ṣẹ́jú, kì í ṣe èyí tó kàn tàn kalẹ̀,
nítorí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó ń ti Ejìnrìn bọ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́
kì í rí alájẹ̀ nínú òkùnkùn.
Mo ní kò le.
Ẹnu mi yìí náà ló sọ ọ́: kò le.

Tiransísítọ̀ méjì, kàpásítọ̀ méjì,
rẹ̀sísítọ̀ mẹ́rin, gílóòbù wẹ́wẹ́ méjì, bátìrì kan,
mo tò wọ́n sórí ìdérí àpótí ẹja:
bí ìkíní bá jí, kí èkejì sùn,
bí èkejì bá jí, kí ìkíní sùn,
bí orogún tó pín ọjọ́ ìdáná láìjà.
Mo tan án.
Kò jí. Kò sùn.
Ó ń wò mí bí ẹja orí àtẹ.

Mo gbé míta. Bátìrì: mẹ́sàn-án pé.
Mo tọ wáyà bí ẹni tọ ipasẹ̀ ewúrẹ́ tó sọnù,
ibi gbogbo tí mo fọwọ́ kàn, iná wà níbẹ̀,
títí mo fi dé ibi tí kò sí.
Ibẹ̀ ni mo jókòó sí.

Tiransísítọ̀ kejì gbóná
bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo.
Mo fa ìka mi yọ, mo bú u,
bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni n kò bi í.
Dúdú ni àwọn méjèèjì, ẹsẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta;
mo ra ọ̀kan ní Ìkòròdú,
Sùwébátù hú ìkejì nínú rédíò tó ti kú.
Ojú jọ ojú,
àmọ́ ẹsẹ̀ òsì ẹni yìí ni ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹni yẹn.
Mo wọ bàtà fún un lódì, mo ní kó máa sáré.

Mo yí i padà. Òjé yọ́, èéfín rẹ̀ ta mí lójú.
Ó tàn! Ó kú. Ó tún tàn!
Mo pariwo débi pé ajá Ìyá Rìsíkátù gbó.
Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún, ẹ gbọ́,
kò tó ti ìdí tannátanná.
Mo pààrọ̀ bátìrì, mo pààrọ̀ wáyà,
mo fẹ̀sùn kan ọ̀rinrin ọ̀sà,
mo fẹ̀sùn kan ẹni tó tajà fún mi,
mo fìbínú sùn.

Oòrùn òwúrọ̀ ló bá mi tú u.
Ìlà kẹta lára rẹ̀sísítọ̀,
tí mo pè ní pupa lábẹ́ àtùpà,
àwọ̀ ọsàn ni. Ọsàn gedegbe!
Mo fi ẹgbàárùn-ún síbi tó yẹ ẹgbẹ̀rún kan,
mo ní kí odò gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá.
Lábẹ́ àtùpà, pupa àti ọsàn, ọmọ ìyá ni wọ́n;
ilẹ̀ mọ́, kálukú gba ilé bàbá rẹ̀ lọ.

Sùwébátù ní ká má lo kàpásítọ̀ inú rédíò yẹn,
ó ní ikùn rẹ̀ ti wú.
Mo ní yóò ṣe é. Owó mi ti tán sórí òjé.

Lálẹ́, a dúró ní èbúté Ojú Alárò.
Ọkọ̀ Bọ̀dá wọ inú dúdú lọ.
Ìṣirò ẹ̀yìn ìwé mi ní kó ṣẹ́jú kíá, kíá.
Mo kà á: ọ̀kan, èjì,
ó tàn fẹ́ẹ́,
ó wá kú, ó pẹ́, bí ẹni tó ń ronú gbèsè.
Ìkòkò tó ń jò ni mo ń pọnmi sí.

Nígbà tó gúnlẹ̀ ní ìdájí, mo ní kó gbé iná wá,
kí n pààrọ̀ ohun tó ń ṣe é.
Ó ń tú ẹ̀pìyà nínú àwọ̀n, kò wojú mi.
"Pààrọ̀ kí ni?
Lóru yìí, láàárín òkùnkùn, Ọ̀ṣínúbi pe orúkọ mi.
Ó ní, iná ta ni ì bá máa tòògbé báyìí bí kò ṣe tìrẹ?"
Ó ju ẹja méjì sínú abọ́ mi.