Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Lórí Àga Ẹ̀yìn

Èmi ni mo ń tẹ ọ̀rọ̀ wọn sórí kọ̀ǹpútà
ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin l'Ádó.
Ẹni tó bá hùkọ́, n ò kọ ikọ́.
Ẹni tó bá sùn, n ò kọ oorun.
"Ilé pàtẹ́wọ́": ìyẹn nìkan ni ọ̀gá gbà mí láyè kí n fi kún un.

Ọdún mẹ́ta ni Fátúnlá ti jókòó sórí àga ẹ̀yìn,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí kò ṣeé tì,
níbi tí máìkì ti máa ń kú lójijì
bí àtùpà tí epo tán nínú rẹ̀.
Ọdún mẹ́ta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ju ojú ewé mẹ́rin lọ lọ́wọ́ mi.
Àwọn ará iwájú ló ni ìwé;
ará ẹ̀yìn ló ni "mo kín in lẹ́yìn".

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Sípíkà wo aago,
ó ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọ́nọ́rébù. Mẹ́ta péré."
Fátúnlá dìde, ó fa bébà kan yọ,
ewé tí wọ́n ya nínú ìwé ìṣirò, pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́,
Tíṣà Ọ̀ṣuntúyì ti Aráròmí-Òkè ló fi rán an.
Ó kà á:
pé afárá odò Ùṣẹ́rẹ́ ti wó láti ìgbà òjò èṣí;
pé pákó méjì ni wọ́n fi dí i, ọ̀kan ti jẹrà;
pé ọmọ mọ́kànlélógójì ló ń gba orí ẹ̀ kọjá láàárọ̀,
bàtà lọ́wọ́, báàgì lórí;
pé Wúnmi ọmọ Bámitálẹ́ jábọ́ lọ́jọ́ ìdánwò,
wọ́n fà á yọ, ṣùgbọ́n odò gba ìwé rẹ̀,
kò sì sí ẹni tó tún ìdánwò náà ṣe fún un;
pé kòkó ń hu funfun nínú àpò lódìkejì,
ọkọ̀ ò lè wá kó o.

"Ìṣẹ́jú kan ló kù," ni Sípíkà wí.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ká bébà.
Ohùn rẹ̀ yà kúrò lójú títì,
ó bọ́ sọ́nà oko.
Ilé di ulé lẹ́nu rẹ̀,
igi di ugi, iṣu di usu,
ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó lóṣòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ààrò.
Kọ̀ǹpútà mi ò mọ èdè yẹn.
Ó ń fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan,
pupa, pupa, títí ojú ewé fi dà bí
bèbè odò lẹ́yìn àgbàrá.
N ò pa ọ̀kan rẹ́.
Ọmọ Ìjerò ni mí; mo gbọ́ ọ.

Àwọn ará iwájú rẹ́rìn-ín.
Sípíkà kan òòlù mọ́ tábìlì. Máìkì kú.
Fátúnlá ò mọ̀ pé ó ti kú, ó ṣì ń sọ̀rọ̀,
ẹnu rẹ̀ ń lọ bí ẹnu ẹja.
Etí mi ò ká a mọ́.
Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò,
tó fi ń wọn ìbú pákó náà fún wa nínú afẹ́fẹ́:
kò ju àtẹ́lẹsẹ̀ àgbàlagbà lọ.

"Ilé ti gbọ́," ni Sípíkà wí. "Ó kàn."
Ohun tó kàn ni owó kápẹ́ẹ̀tì ilé àlejò.

Mo bá a lẹ́nu géètì nírọ̀lẹ́,
mo bi í léèrè ohun tó sọ lẹ́yìn tí máìkì kú.
Ó ní òun ò rántí.
Ó ní ṣé mo mọ ẹni tó ń ta pákó ìrókò lówó tó rọjú.

Ọ̀gá mi ní, "Kí ni gbogbo pupa yìí? Tún un ṣe."
Mo tún déètì ṣe. Mo tún orúkọ Sípíkà ṣe.
Mo fi ulé sílẹ̀.
Níbi tí máìkì ti kú, mo fi àyè ìlà mẹ́ta sílẹ̀,
funfun báláú.
Ẹni tó bá ń kà á débẹ̀,
kó bọ́ bàtà, kó rọra kọjá.