Mẹ́rin Nínú Mẹ́wàá

Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn páànù
láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀,
kí àwọn ọmọ Pópó-Òbá tó kó owó ìpápánu wọn dé:
orúkọ géèmù tuntun, máàkì tó gbà,
àti gbólóhùn kan péré tó sọ ìdí ẹ̀.
"Eré bọ́ọ̀lù ti ọdún yìí: mẹ́fà. Aṣọ ni wọ́n pààrọ̀, ẹsẹ̀ ò yí padà."
"Ọkọ̀ àsáré: mẹ́jọ. Táyà ń ké bó ṣe yẹ kó ké."
"Ogun inú aginjù: méjì. Ìbọn pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ."
Bí mo bá ti kọ méjì, géèmù náà kú nìyẹn;
ta ni yóò san àádọ́ta náírà lé òkú lórí?
Tíṣà Máàkì ni wọ́n ń pè mí,
èmi tí mo fìdí rẹmi nínú ìṣirò lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù tó kọjá, Lúkúmọ̀n gbé ọ̀kan dé láti Alábà
tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí.
Ọkùnrin kan, ọkọ̀ ojú omi kan, ajá kan,
ìlú kan létí ọ̀sà tí òjò kì í dá níbẹ̀.
Mo fi jẹnẹrétọ̀ gbá a mọ́jú,
bẹntiróòlù lítà mẹ́ta, ẹ̀fọn bí ẹni ń ṣèpàdé.
Mo wá ọ̀tá, n kò rí.
Mo wá ibi tí wọ́n ti ń borí, n kò débẹ̀.
Mo wo ọ̀sà wọn, ó mọ́ bí omi inú ike,
kò sí ojú oró kan ṣoṣo tó léfòó lórí ẹ̀.
Mo ní, ṣé àwọn wọ̀nyí ti rí ọ̀sà rí?
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ojú mi pọ́n bí ata, mo kọ ọ́:
"Mẹ́rin. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n kò ṣe nǹkan kan."
Mo lọ sùn.
Oorun adájọ́ dùn.

Ṣàkírù ló jí mi, láti ojú fèrèsé.
Ibẹ̀ ló máa ń wà. Ìyá ẹ̀ ń yan ẹja mọ́jú létí Marínà,
èéfín inú ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kí mi.
Kò san àádọ́ta náírà rí, kò di páàdì mú rí,
ojú ló fi ń gbá géèmù.
Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ò wo ajá yẹn."
"Ajá wo?"
"Nígbà tí ẹ jáde lọ tọ̀, ọkùnrin yẹn kàn dúró.
Ajá náà wò ó títí, ó wá sùn lé e lẹ́sẹ̀.
Nígbà tí oorun gbé yín lọ, ó dìde, ó lọ sétí omi,
ó ń wo ibi tí ọkọ̀ máa ń gbà bọ̀.
Kò gbó o. Ó kàn ń wò.
Ajá bàbá mi ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní."

Mo padà wọlé, mo tan ẹ̀rọ.
Mo gbé páàdì sílẹ̀, mo káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n mú lólè.
Ìṣẹ́jú mẹ́fà.
Ajá náà dìde.

Ẹ má retí pé kí n sọ pé mẹ́wàá ni.
Irọ́ ni ọ̀sà yẹn, n kò yẹsẹ̀ lórí ìyẹn:
ojú oró ní í lékè omi, ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Èpẹ́.
Ṣùgbọ́n mo fi àtàǹpàkò pa mẹ́rin rẹ́,
funfun ẹ̀ fẹjú sára páànù bí ìkùukùu,
títí dòní n kò tíì kọ òmíràn síbẹ̀.

Àwọn ọmọ dé lẹ́yìn ìrun. "Tíṣà, èló ló gbà?"
Mo ní kí wọ́n bi Ṣàkírù.
Ṣàkírù bi mí ní tiẹ̀
pé èló ni wọ́n ń san fún ẹni tó ń máàkì.
Mo ka àádọ́ta náírà lé e lọ́wọ́.
Eré bọ́ọ̀lù ló fi gbá, èyí tó gba mẹ́fà,
ó sì pariwo ju gbogbo wọn lọ.