Káàdì Tí Kò Mọ Kaylin

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n mú Kaylin wá,
yìnyín ń bọ́ lórí Nẹbráskà bí ìyẹ́ adìẹ tí a ń tu.
Àpò ọ̀rá dúdú ló gbé dání, irú èyí tí à ń kó ìdọ̀tí sí:
ẹ̀wù méjì, bàtà ẹsẹ̀ òsì méjì,
àti ike oògùn ikọ́-fée kan. Mo mì ín,
kò dún.

Misis Thorvald, òṣìṣẹ́ ìjọba, ní kí n fọwọ́ síwèé níbi mẹ́rin.
Mo ní, "Káàdì ìlera rẹ̀ ńkọ́?"
Ó ní, "Ó ń bọ̀ lọ́nà, nínú lẹ́tà,"
ó sì ti wọ ọkọ̀ rẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ wí.

Òru àkọ́kọ́, gbogbo ilé pa rọ́rọ́.
Mo yìn ín níwájú Emmerich ọkọ mi: ọmọ tó mọ oorun sùn.
Òru kejì ni mo dìde mumi,
mo gbọ́ ohùn kan bí ajá tó já sí kànga.
Ìrọ̀rí ló fi bo ẹnu. Ó ń wúkọ́ sínú rẹ̀,
ó ń wú u bí ẹni ń jalè.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní,
"kì í ṣe ikọ́ tó ń náni lówó."

Ta ló kọ́ ọmọ ọdún méje ní ìṣirò yìí?

Wọ́n ní ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ni yóò pọ̀n ọ́n.
Ó dára. Ọmọ tí kò dá ọ̀ràn kankan ńkọ́,
tí ìjọba já gbà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tó ní "tèmi ni",
ẹ̀yìn ta ni yóò sùn sí bí èémí bá há a láyà?

Mo gbé e jókòó ti omi gbígbóná títí ilẹ̀ fi mọ́,
a sì wà lẹ́nu ilé oògùn Orville Pesek kó tó ṣílẹ̀kùn.
Orville tẹ orúkọ, ó tún un tẹ̀, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.
"Kò mọ̀ ọ́n."
"Ta ni kò mọ̀ ọ́n?"
"Kọ̀ǹpútà."
Ìjọba ìbílẹ̀ tó ti kúrò ti pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́,
èyí tó dé sí kò tíì kọ ọ́.
Láàárín ìwé méjèèjì, ọmọ kan dúró,
ó ń mí bí fèrè tó sán.
"Ẹ padà wá ní Ọjọ́ Ajé." Kò lè wò mí lójú.
Ọjọ́ Ajé!
Bí ẹni pé ajé ló ń bá ọmọ mí.

Igba dọ́là ó lé mẹ́rìnlá.
Owó epo tí a fi ń mú ilé gbóná ni,
Emmerich ti kà á sínú àpòòwé.
Ìjọba ń fún mi ní ogún dọ́là lójúmọ́ lórí rẹ̀, lóòótọ́,
ṣùgbọ́n ìparí oṣù ni ti ìjọba,
èémí kì í dúró de ìparí oṣù.
Mo san án. Ẹ má yìn mí; mo ráhùn bí mo ṣe ń san án,
mo ráhùn síta, ọmọ sì gbọ́.

Ó fa oògùn náà lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀, èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.
Ohun tó kọ́kọ́ fi èémí tuntun sọ ni,
"Ṣé mo lè mú rìsíìtì?"

Mọ́kànlá ni mo bá nísàlẹ̀ àpò dúdú náà,
ó ká wọn bí ẹni ká lẹ́tà ìyá rẹ̀:
eyín, etí, gíláàsì ojú, abẹ́rẹ́,
orúkọ ilé tó ti gbé lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ́ńsù, lẹ́tà wíwọ́.
"Tí mo bá dàgbà," ó ní. Kò parí rẹ̀.

Káàdì dé ní Ọjọ́rú. Wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ,
"Kaylan", ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò bí.
Mo tún gbé fóònù.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ àná ó wúkọ́, gbangba,
ikọ́ ńlá tó jí ajá, tó jí Emmerich,
tí ọkọ mi fi yíjú sí ògiri, tó ní, "A dúpẹ́."
Rìsíìtì kejìlá ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.
Mi ò tíì mọ bí n ó ṣe jí i.