Òfo Tó Wà Lẹ́yìn

Ṣọ́ọ̀kì ló fi ń kọ ọ́, lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀
ní kọ́tàsì rélùwéè, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta,
ilé kẹta sí ọgbà Lókò,
níbi tí aṣọ funfun kì í ti í pẹ́ funfun lórí okùn.

Bàbá mi ń dáná fún ẹ́ńjìnnì tó ń ti wágúnù ní Ìdó.
Ọkọ̀ èrò kò kàn án rí.
Ṣọ́bìrì, èédú Údi, ojú pípọ́n,
lọ síwájú díẹ̀, padà sẹ́yìn díẹ̀,
ogún ọdún, kò kọjá Yábàá.

Ṣùgbọ́n ó ní ìwé kan tí akọ̀wé ọ́fíìsì jù sílẹ̀,
àwòrán ẹ́ńjìnnì Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ ló kún inú rẹ̀,
àwọn tó ti ń gbé èrò kí ìyá ìyá rẹ̀ tó dáyé.
Kò mọ̀wé púpọ̀. Ẹsẹ̀ ló ń kà.
"Àwẹ̀ní, bẹ̀rẹ̀ láti iwájú.
Àwọn kékeré tó ń tọ́nà, mélòó?
Àwọn ńlá tó ń ṣiṣẹ́, mélòó?
Ẹ̀yìn ńkọ́?"

Mẹ́rin, méjì, òfo:
àgbà inú wọn, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ lékeléke,
méjì péré ló ń wọ́ gbogbo ẹrù.
Bàbá a mi orí: "Ẹni tó bí mi gan-an nìyẹn."
Mẹ́rin, mẹ́fà, òfo: Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́wàá,
torí òkè ni wọ́n ṣe rọ ọ́.
Mẹ́rin, mẹ́rin, òfo: èyí tí wọ́n ń pè ní Amẹ́ríkà,
ihò èéfín rẹ̀ fẹ̀ lókè bí arọ,
fìtílà iwájú rẹ̀ tó àpótí,
eyín irin rẹ̀ ń gbá màlúù kúrò lọ́nà.
Èyí ló fẹ́ràn. Èyí ló ń kọ ní gbogbo Sátidé.

Màmá a ti ilé ìdáná yọ,
ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ:
"Òfo wo lo ń kọ sẹ́yìn níbi tọ́mọ wà?
Ẹ̀yìn wa ò ní ṣófo o!"
Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ a pa òfo rẹ́.
Mẹ́ta ló ti bí tó sin. Èmi nìkan ló dúró.
Bàbá a ṣí ìwé náà lọ sí ìparí:
"Àtìláńtíìkì nìyí, orúkọ òkun tiwa yìí ló ń jẹ́.
Mẹ́rin, mẹ́rin, méjì. Ó ní ẹ̀yìn."
"Èyí ni kí o máa kọ."
Kò kọ ọ́ rí.

Nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́, tí wọ́n mú ọkọ̀ tuntun dé,
mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà kó lè gbọ́ ọ.
Kò rú èéfín. Kò mí.
"Ẹsẹ̀ mélòó?"
Ó wọ yẹ̀rì irin délẹ̀, n kò rí ẹsẹ̀ kankan.
Mo ní, "Mẹ́rin, mẹ́rin, méjì."
Ó dákẹ́ títí ariwo fi tán lápá Ọ̀yìngbò.
"Irọ́ ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó dára."

Oṣù Kẹfà la sin ín.
Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì,
mo fi ìró kúnlẹ̀ létí pèpéle,
mo ń yọjú wo abẹ́ ọkọ̀.
Ọmọkùnrin kan fọn fèrè: "Màmá, ẹ kúrò níbẹ̀!"
Mo ti ka mẹ́rin.
Ó ku èyí tó wà lẹ́yìn, ọkọ̀ sì ṣí.