Ìṣẹ́jú Mẹ́rin

Èmi ni mo ṣe fọ́ọ̀mù orí kọ̀ǹpútà
tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn kan ní Alékúwodò, l'Óṣogbo.
Mo to wákàtí mẹ́rìnlélógún sínú àpótí kan:
tẹ̀ ẹ́, á já wálẹ̀ bí àtẹ̀gùn.
Ṣùgbọ́n tó kan ìṣẹ́jú, àánú ṣe mí.
Mo ní, ta ni yóò máa fi àtàǹpàkò wọ́ ọgọ́ta nọ́ńbà
lórí fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti sán?
Mẹ́rin péré ni mo fi sílẹ̀:
òdo, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọgbọ̀n, márùndínláàádọ́ta.
Ó mọ́ lójú. Ọ̀gá yìn mí.

Òru Ọjọ́rú kan, iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́,
Nọ́ọ̀sì Ṣìfáwù gbẹ̀bí ìyàwó Làmídì fọganáísà.
Táyé dé ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún,
Kẹ́hìndé dé nígbà tó kọjá mọ́kànlélógún.
Ó fi báírò kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́,
ó ṣí fọ́ọ̀mù mi,
ó tẹ èyí tó sún mọ́ ọn jù.
Méjì kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́ẹ̀mejì.

Ilẹ̀ mọ́, ó pè mí.
"Gbóyè, ní aago tí o fún mi yìí,
inú ìyá wọn ni àwọn méjèèjì ṣì wà.
Ta ló wá rán ta kó lọ tọ́ ayé wò?"
Ẹnu mi gbẹ.

Mo kó ọgọ́ta ìṣẹ́jú padà.
Ìtìjú tì mí débi pé mo fi ìṣẹ́jú-àáyá lé e,
mo sì ti ilẹ̀kùn:
ẹni tí kò bá kún gbogbo rẹ̀ kò ní kọjá.

Ìyá Awẹ̀ró wá wọn ìfúnpá.
Fọ́ọ̀mù bi í ní ọjọ́, oṣù, wákàtí, ìṣẹ́jú tí wọ́n bí i.
Ó ní, "Ọdún tí eṣú jẹ oko. Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ọyẹ́ ń fẹ́."
Akọ̀wé wo ojú rẹ̀, ó wo àpótí,
ó tẹ ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, òdo, òdo, òdo.
Lójú ẹ̀rọ mi,
òru ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n bí gbogbo arúgbó Òṣogbo.

Mo ti gé ti ẹni tó mọ̀ kù,
mo tún ti fi irọ́ kún ti ẹni tí kò mọ̀.

Nísinsìnyí, àpótí ìṣẹ́jú lè ṣófo.
"N kò mọ̀" wà lókè gbogbo ìlà,
òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn wà fún ẹni tó bá fẹ́.
Ìyá Awẹ̀ró padà wá, ó ní kí wọ́n ka tòun sókè.
"Ẹ̀ẹ̀rùn," ni wọ́n kà.
Ó mi orí díẹ̀díẹ̀.
Ó ní, "Ẹ fi ọyẹ́ yẹn sí i."